Ọmọ gba rota tán, ó tún ń ṣu omi: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá ọmọ máa ń gbé lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àjẹsára, tí wọ́n sì tún máa ń bi ara wọn lórí WhatsApp: "Wọ́n kán rota sí ọmọ mi lẹ́nu, káàdì rẹ̀ pé, kí ló wá dé tí ìgbẹ́ gbuuru tún mú un?" Èsì tí wọ́n ń rí gbà kì í dọ́gba. Ẹnì kan á ní eyín ló fẹ́ hù. Ẹnìkejì á ní omi lásán ni wọ́n rọ sínú ìgò fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹnìkẹta á fọwọ́ sọ̀yà pé àjẹsára yẹn gan-an ló kó àìsàn ran ọmọ.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022, tí Nàìjíríà ti fi rota kún àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ọmọ ìkókó ń gbà, ni awuyewuye yìí ti ń lọ. Nínú èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó tọ̀nà tán, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ká tó lè rí ibẹ̀, inú ìfun la máa gbà wọlé, torí ibẹ̀ ni ìjà náà ti ń wáyé.

Kí ni rota?

Àgékúrú rotavirus ni, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru; orúkọ rẹ̀ náà ni àwọn ìyá fi ń pe àjẹsára tó ń bá a jà. Lọ́dún 1973, ní ìlú Melbourne lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ruth Bishop, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé ẹran bíńtín lára ìfun àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n fi máíkírósíkóòpù alágbára yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí kòkòrò kan tó rí róbótó bí àgbá kẹ̀kẹ́. Èdè Látìn ló ń pe àgbá kẹ̀kẹ́ ní rota. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ fún un. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ló wà tí àwọn dókítà kò mọ ohun tó ń fà á.

Ọmọ olówó ní Ìkòyí, ọmọ tálákà ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham ní London, kí wọ́n tó pé ọdún 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló máa ti pàdé rẹ̀. Gíráàmù kan péré nínú ìgbẹ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn lè ní kòkòrò tó ju bílíọ̀nù 10 lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tí kò tó 100 ti tó láti dá ọmọ mìíràn dùbúlẹ̀. Ó lè wà lára ohun ìṣeré tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìmọ́tótó ń dín in kù, kò lè lé e tán. Ìyẹn ni ìlú tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ nínú gbogbo ilé náà kò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń gbòde jù, nígbà tí ọyẹ́ bá ti dé.

Ti eyín ńkọ́? Ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hu eyín ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Àkókò yẹn náà ni ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ látinú oyún ń tán, tó ń rá káàkiri ilẹ̀, tó ń sọ gbogbo ohun tó bá he sẹ́nu. Láàárín oṣù 6 sí oṣù 24 ni rota sì máa ń mú ọmọ jù. Eyín àti ìgbẹ́ gbuuru kàn pàdé lọ́nà ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Nígbà tí wọ́n ń fi àjẹsára náà lọ́lẹ̀ lọ́dún 2022, iye tí àwọn aláṣẹ ìlera kéde ni pé rota ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tó nǹkan bí 50,000 lọ́dún ní Nàìjíríà nìkan.

Báwo ló ṣe ń sọ ìgbẹ́ di omi?

Ojú ìfun kékeré kò tẹ́jú. Ó rí bí ojú táwẹ́ẹ̀lì, ó kún fún ohun tíntìntín bí irun tó nà sókè, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí ṣóńṣó níbẹ̀ ló ń fa omi, iyọ̀ àti oúnjẹ wọ ara. Àwọn yẹn gan-an ni rota máa ń dojú kọ. Á wọ inú wọn, á sọ wọ́n di ilé iṣẹ́ tó ń bí ọmọ fún un, wọ́n á sì kú.

Bí ṣóńṣó bá ti bọ́, omi tí ọmọ ń mu kò rí ẹni fà á wọlé mọ́. Ṣúgà inú wàrà tí kò dà á tún ń fa omi sọ́dọ̀. Rota tún ní májèlé tirẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NSP4, tó ń mú kí ara fúnra rẹ̀ máa da omi àti iyọ̀ sínú ìfun. Omi kò wọlé, èyí tó wà nílé ń jáde. Láàárín ọjọ́ kan, àwùjẹ̀ ọmọ á jìn, ojú á kó wọnú, ẹnu á gbẹ, yóò máa sunkún láìsí omijé.

Flagyl tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń sáré lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kò mọ rota rí. Àwọn bakitéríà kan àti àwọn kòkòrò tíntìntín bíi amíbà nìyẹn ń bá jà. Ohun tó kù ní ṣíṣí lára ìfun tó ti ṣá ni ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ pé iyọ̀ àti ṣúgà gbọ́dọ̀ jọ gba ibẹ̀ wọlé pọ̀. Bí wọ́n bá ti ń wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ilẹ̀kùn yẹn ni omi iyọ̀ àti ṣúgà, ORS, ń gbà. Omi lásán kò lè ṣe é, ṣúgà nìkan kò lè ṣe é.

Ta ló ń jà fún ọmọ nínú ìfun?

Àwọn tó kọ́kọ́ dìde kì í ṣe ọmọ ogun, aládùúgbò ni wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì tí rota bá wọ̀ á figbe ta nípa títú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní interferon, èyí tí Alick Isaacs àti Jean Lindenmann ṣàwárí rẹ̀ ní London lọ́dún 1957. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí tó bá gbọ́ igbe yìí á ti ilẹ̀kùn, á dá iṣẹ́ dúró, kí kòkòrò má bàa rí ibi bímọ sí. Rota náà gbọ́n: ó ní èròjà kan, NSP1, tó ń pa àwọn ońṣẹ́ tó yẹ kó gbé igbe náà jáde. Àmọ́ ìfun ní ọgbọ́n mìíràn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó ń pààrọ̀ gbogbo awọ inú rẹ̀, á ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ dànù sínú ìgbẹ́, á gbé tuntun dìde láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gbádùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́jọ, bí gbígbẹ omi kò bá ti ṣekú pa wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ogun gidi á wọ̀ ọ́. Lára ògiri ìfun kékeré, àwọn bárékè kan wà tí wọ́n fi sọrí Johann Conrad Peyer, oníṣègùn ará Switzerland kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 300 sẹ́yìn. Lórí òrùlé bárékè yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jókòó sí bí agbowó-ibodè. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú ohun tó bá ń kọjá, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá, apá kan nínú àwọn ọmọ ogun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti kó kòkòrò, apá kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohun ìjà tí à ń pè ní áńtíbọ́dì.

Oríṣi áńtíbọ́dì pọ̀. Èyí tó ń ṣọ́ ìfun ni IgA, ara sì ń ṣe é lójoojúmọ́ ju gbogbo àwọn yòókù pa pọ̀ lọ. Méjì-méjì ni wọ́n so ó pọ̀, tó fi ní ọwọ́ mẹ́rin tó fi ń dì mọ́ kòkòrò. Sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun ló ń gbé e láti ẹ̀yìn ògiri sọdá sínú ihò ìfun, tó bá sì ń jáde, á gé nǹkan lára ohun tó fi gbé e, á fi bò ó bí aṣọ òjò, kí omi tó ń lọ oúnjẹ má bàa jẹ ẹ́ run. Bó ṣe débẹ̀, á dì mọ́ rota kó tó rí ara sẹ́ẹ̀lì kankan fọwọ́ kàn, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ lọ.

Àjẹsára rọpárọsẹ̀ ló fi ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìfun hàn jù. Èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ń kó áńtíbọ́dì sínú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ọmọ kò ní rọ, ṣùgbọ́n kòkòrò ṣì lè wọ ìfun rẹ̀, kó bímọ níbẹ̀, kó sì bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ bá ọmọ ẹlòmíràn. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ló ń ṣọ́ ìfun fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀kán méjì lẹ́nu ni àwọn tó ń gbé kúlà kiri láti ilé dé ilé ń fún ọmọ, títí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé oríṣi rọpárọsẹ̀ ti àtilẹ̀wá (wild polio), èyí tí kò ṣẹ̀ láti ara àjẹsára, ti kúrò ní Áfíríkà.

Àwọn bàbá wa ti ní ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Àjẹsára, ohun tí a jẹ tó wọ ara, yàtọ̀ sí gbẹ́rẹ́ tí a sín. Abẹ́rẹ́ ló wá gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí òyìnbó dé. Rota ni àjẹsára tí à ń jẹ ní tòótọ́.

Kí ló wà nínú ohun tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu?

Kòkòrò rota tó wà láàyè ni, èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Nọ́ọ̀sì á gbé orí ọmọ sẹ́yìn díẹ̀, á fún un sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú, kó má bàa tu ú dànù. Rotarix wá láti ara rota ọmọ ènìyàn tí wọ́n tọ́ ní yàrá ìwádìí títí agbára rẹ̀ fi lọ. RotaTeq jẹ́ rota màlúù tí wọ́n wọ̀ ní ẹ̀wù ti ènìyàn. Ti Rotavac jẹ́ èyí tí wọ́n rí lára ọmọ tuntun ní New Delhi, ní Íńdíà, tí kò ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan. Rotasiil náà wà, ará Íńdíà ni. Rotarix jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kòkòrò tó ti rẹ̀ yìí á bímọ díẹ̀ nínú ìfun, àwọn agbowó-ibodè á mú un, bárékè á kọ́ṣẹ́. Nítorí pé ó wà láàyè, àwọn ọmọ kan lè kanra tàbí kí ìgbẹ́ wọn dẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnìkẹta ti ṣẹ̀ wá. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kì í ṣe ti àjẹsára.

Kí ló dé tí ọmọ tó gbà á ṣì ń yàgbẹ́ gbuuru?

Èkíní ni pé rota kò dá nìkan wà. Norovirus wà, adenovirus wà, àwọn bakitéríà bíi Shigella àti E. coli wà, kọ́lẹ́rà náà wà. Rota nìkan ni àjẹsára rota mọ̀.

Èkejì ló jinlẹ̀ jù. Àní ọmọ tí rota fúnra rẹ̀ ti mú rí ṣì lè tún kó o. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1996 tọ ipasẹ̀ ọmọ 200 ní Mẹ́síkò láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀kan tí ọmọ kó rota ti dín ìgbẹ́ gbuuru rota kù fún un ní ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún; ẹ̀ẹ̀mejì, ìdá 83; ẹ̀ẹ̀mẹta, ìdá 92. Àwọn ọmọ náà ṣì ń kó kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ti kó o lẹ́ẹ̀mejì tí èyí tó tún dé lẹ́yìn náà le fún. Ohun tí àjẹsára ń ṣe àfarawé rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò ṣe é láti fi ilẹ̀kùn ìfun ti kòkòrò pátápátá. Wọ́n ṣe é kí ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ lè di ẹ̀ẹ̀mẹta, kí dríìpù lè di omi inú ife.

Ṣé òótọ́ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà?

Òótọ́ ni pé agbára rẹ̀ kéré sí ti òkè òkun, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bò. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó ń dá èyí tó le dúró ní ìdá tó ju 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwádìí tí Shabir Madhi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé ìdá 77 ni ní Gúúsù Áfíríkà, ìdá 49 péré ní Màláwì. Lọ́dún yẹn kan náà, ti Gánà, Kẹ́ńyà àti Málì jáde: nǹkan bí ìdá 64 lọ́dún àkọ́kọ́ ọmọ, ó wá já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20 lọ́dún kejì.

Kí ló fà á? Omi lásán kọ́ ló wà nínú ìgò. Ìgò kan náà tí wọ́n ń lò ní London ni wọ́n lò ní Màláwì. Ìfun tó gbà á ni kò rí bákan náà. Ìyá tó ti pàdé rota lọ́pọ̀ ìgbà máa ń kó áńtíbọ́dì rẹpẹtẹ fún ọmọ nínú oyún àti nínú ọmú, àwọn yẹn lè dì mọ́ àjẹsára kó tó bímọ. Ọjọ́ kan náà ni ọmọ sábà máa ń gba ti rọpárọsẹ̀ lẹ́nu, kòkòrò méjèèjì á wá máa du ìfun kan, pàápàá níbi àkọ́kán. Ọmọ tó ń gbé níbi tí omi kò ti mọ́ máa ń ní ìfun tó ń wú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn kankan tí ojú rí. Irun táwẹ́ẹ̀lì yẹn á kúrú, ọmọ ogun á ti rẹ̀ kí àjẹsára tó dé. Oríṣi bakitéríà tó ń gbé inú ìfun náà yàtọ̀. Àjogúnbá pẹ̀lú ní tirẹ̀ nínú: èròjà ṣúgà kan wà lójú sẹ́ẹ̀lì ìfun tí rota máa ń dì mú, àbùdá tí ọmọ jogún ló ń pinnu bí èròjà náà ṣe rí, àwọn ọmọ tí kò ní irú èyí tí kòkòrò inú Rotarix ń wá sì pọ̀ ní Áfíríkà ju Yúróòpù lọ.

Àwọn kan ti rò ó pé bóyá kí ìyá dá ọmú dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó kán an. Wọ́n dán an wò ní Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà àti Pakísítánì, kò mú àyípadà wá. Nítorí náà, ẹ fún ọmọ lọ́mú.

Ibi tí ìṣirò ti yí padà rèé, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́. Nínú ìwádìí ọdún 2010 yẹn, nínú ọmọ 100 tó gba àjẹsára ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ìṣẹ̀lẹ̀ tó le tó 4.2 ni kò wáyé mọ́ láàárín ọdún kan. Ní Màláwì tí agbára rẹ̀ ti kéré, 6.7 ni. Àìsàn ló pọ̀ ní Màláwì jù. Ìdajì odò ju gbogbo omi inú korobá lọ.

Ti ìfun tó ń wọnú ara rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àjẹsára rota lè mú kí apá kan ìfun ọmọ wọ inú apá kejì, ìbẹ̀rù yìí sì ní ìtàn. Lọ́dún 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àjẹsára rota àkọ́kọ́, RotaShield. Kò pé ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n fi kó o kúrò nílẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, torí wọ́n rí i pé nínú nǹkan bí ọmọ 10,000, ìfun ọ̀kan máa ń wọnú ara rẹ̀ bí ibọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká. Àríyànjiyàn ńlá tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ kan ní, fún ìlú tí rota kì í ti í pa ọmọ, ewu yẹn pọ̀ jù. Àmọ́ fún ìlú tó ń sin ọmọ lójoojúmọ́, kí ló dé tí wọ́n tún fi gba ohun tí ì bá gbà wọ́n? Àwọn mìíràn ní ohun tí Amẹ́ríkà kọ̀ fún ọmọ tirẹ̀, ta ló fẹ́ gbé e fún ọmọ Áfíríkà? RotaShield kò padà wá.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí Rotarix àti RotaTeq, ọmọ tó ju 60,000 ni wọ́n fi dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Lónìí, ní Amẹ́ríkà, ewu náà wà láàárín ọ̀kan nínú ọmọ 20,000 sí ọ̀kan nínú 100,000. Àyẹ̀wò ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà, tó jáde lọ́dún 2018, kò rí i pé Rotarix fi kún un. Bí ọmọ bá ń ké lójijì tó ń ká eékún mọ́yà, tó tún rọlẹ̀, tó tún ké, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, yálà ó gba àjẹsára tàbí kò gbà.

Kí ni àwọn tó ń jiyàn ń sọ, kí ló sì wà níbẹ̀ fún wa?

Àwọn kan ní omi tó mọ́ àti ilé ìgbẹ́ ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ fi owó ṣe. Omi tó mọ́ ń dá kọ́lẹ́rà àti Shigella dúró ju bó ṣe ń dá rota dúró lọ, torí náà àwọn tó ń ṣètò àjẹsára ní a ò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àwọn mìíràn kò gbà gbọ́ rárá, ìfura wọn kò sì ṣẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1996 tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Ẹ̀sùn jáde pé àwọn òbí kò gbà sí i bó ṣe yẹ. Ilé iṣẹ́ náà sẹ́, àmọ́ wọ́n yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Kánò lọ́dún 2009. Oògùn ni, kì í ṣe àjẹsára, ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ lọ́dún 2003.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Gavi, àjọ àgbáyé tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti ra àjẹsára, ló ń bá Nàìjíríà gbé apá kan owó náà, àdéhùn wọn sì ń lọ títí di ọdún 2028. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde pé òun ò ní fún Gavi lówó mọ́. Ẹni tí yóò máa san owó rota lẹ́yìn 2028 ni ìbéèrè tó wà níwájú Nàìjíríà.

Norovirus ńkọ́, ìgbà wo ni tirẹ̀ máa dé?

Kò tíì sí àjẹsára norovirus tí ìjọba kankan fọwọ́ sí fún ará ìlú. Orúkọ rẹ̀ wá láti Norwalk ní Ohio, níbi tó ti mú àwọn ọmọ iléèwé kan lọ́dún 1968. Òun ló ń da àwọn ènìyàn wa láàmú ní ìgbà òtútù ní London, àgbà àtọmọdé. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ó ń yí ẹ̀wù padà kíákíá, ìrántí tí ìfun ń ní nípa rẹ̀ kì í sì pẹ́.

Bí ọmọ bá ń ṣu omi nísinsìnyí, kí ni ṣíṣe?

Ẹ po ORS bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pákẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí ẹ rẹ́ ojú ṣíbí dọ́gba, nínú lítà omi kan tó mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tún lo sínkì fún ọjọ́ 10 sí 14: mílígíráàmù 20 lójúmọ́, tàbí 10 bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dá. Bí àwùjẹ̀ bá jìn, tí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè mu nǹkan kan, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ó bá bì ORS náà padà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta.